Orin Tó Gba Odindi Ojú Àwo

Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ mi pé orin àwọn òyìnbó onírun gígùn ló tọ́ mi sọ́nà nígbà èwe mi, wọ́n á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á wo gèlè orí mi, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jà. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìkánjú, nítorí pé orin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kì í kánjú.

Lomé, olú ìlú Tógò, ni mo ti dàgbà, ní àdúgbò Amoutivé, nínú agbo ilé ìyá bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àgbà ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kò sì padà mọ́ àfi fún ìsìnkú. A ń sọ Yorùbá nínú ilé, a ń sọ Faransé ní ilé ìwé, a ń sọ Mínà lọ́jà àti lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, a tún padà sí Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a sì ń bu Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lé e, torí àwọn àgbà wa gbà pé ọmọ tí orírun rẹ̀ jẹ́ Nàìjíríà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó sọnù ni. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará wa dá sílẹ̀, kí n tó bọ́ sí ti Faransé. Ẹ jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì yẹn dúró síbẹ̀ ná. A ó lò ó.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé nígbà yẹn, dùùrù ni. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀kan, irú èyí tí ẹsẹ̀ ń fún ní èémí. Pátákó méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí olùdùùrù ń tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń rìn lójú kan, afẹ́fẹ́ á wọlé, eyín dùùrù tí ọwọ́ bá tẹ̀ á sì dún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń tẹ̀ ẹ́. Àkọ́bí ìyá àgbà ni. Ó ń gbé ní Adakpamé, ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní èbúté, torí náà Bàbá Adakpamé ni gbogbo àwa ọmọ ń pè é. Láàárín ọ̀sẹ̀, ènìyàn bí gbogbo ènìyàn ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nǹkan yí padà. Aṣọ funfun kan wà tí wọ́n fi ń bo dùùrù náà, òun nìkan ló sì ń ká a. Tó bá ká a, ìjọ á dìde. Tó bá dá a padà, ìsìn ti parí nìyẹn, kódà bí Pásítọ̀ bá ṣì ní ìkéde kan lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ṣe òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí alàgbà kan tó fọwọ́ kan aṣọ náà rí.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní pẹ́ di ìyàwó ilé. Ta ló ń ró ìró tẹ dùùrù? Ìró á há sábẹ́ pátákó, afẹ́fẹ́ á dá, ìjọ á dákẹ́ láàárín orin. Ṣé o fẹ́ kójú tì mí ni?"

"Bàbá Adakpamé, síkẹ́ẹ̀tì ni mo máa wọ̀."

"Síkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Lórí àga gíga yẹn, nínú ilé Olúwa, kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin máa wo orúnkún rẹ dípò ìwé orin?"

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó ti kọ́ ọmọkùnrin tirẹ̀, ìyẹn sá lọ sídìí bọ́ọ̀lù. Ó kọ́ ọmọ Pásítọ̀, ìyẹn ń sùn lórí rẹ̀. Èmi ń jókòó níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa; tí mo bá délé, etí tábìlì ìdáná ni mo ń tẹ̀, ìyá mi á sì ní kí n yé já àwọn abọ́ òun láyà.

Ayálégbé kan wà ní yàrá tó kọjú sí géètì wa, ọmọ Tógò, olùkọ́ ìṣirò. Mẹ́tírì ni gbogbo agbo ilé ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ káàkiri Lomé. Ó ti kàwé nílẹ̀ Faransé. Àwọn tó lọ kàwé níbẹ̀ máa ń mú ìyàwó bọ̀, tàbí mọ́tò. Àwo orin ni Mẹ́tírì kó bọ̀ ní tirẹ̀, àwo dúdú ńláńlá nínú páálí aláwòrán, ó kún inú àpótí onígi kan. Ìlú Lomé ń jó orin Kóńgò nígbà náà, kò sí ilé tí kì í jó o. Orin yòvó ni wọ́n ń pe ti Mẹ́tírì, orin òyìnbó, wọn ò sì pè é bẹ́ẹ̀ láti fi yìn ín. Aránṣọ tó wà lẹ́bàá wa tiẹ̀ sọ pé ó dà bí ẹni tó ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù gun àtẹ̀gùn, tó ń sinmi, tó tún ń gbé e.

Lẹ́yìn náà ni ìlú le. Àwọn ènìyàn ń fẹ́ ìjọba àwa-ara-wa, àwọn tó wà lórí àga kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti kọ ọ́. Èyí tó kan ilé wa nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ dúró. Ìyanṣẹ́lódì dé, wọn ò sì sọ ọjọ́ tó máa parí. Ilé ìwé tì. Ọjà ńlá ń ṣí díẹ̀, ó ń tì. Èbúté dákẹ́. Ìdákẹ́ láàárọ̀ pọ̀ débi pé o lè gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀ ní òpópónà kejì. Àwọn ọkùnrin jókòó ti rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń bá a jiyàn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn.

Olùkọ́ ò ní akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ilé ìwé, ọ̀sán sì gùn. Ọjọ́ kan báyìí ni Mẹ́tírì yọrí lójú fèrèsé rẹ̀, páálí àwo kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ó bá mi sọ ọ́ ní Faransé, "wá bá mi gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń wí. Láti yunifásítì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ ju 'ìfẹ́' lọ nínú rẹ̀, ọkàn mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn náà."

Mo dìde. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí ní fàráńdà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀nà ibo nìyẹn?"

"Mẹ́tírì ní kí n wá gbọ́ orin kan, Màmá."

"Kí ló ṣe etí tó wà lórí rẹ níbí? Ọmọbìnrin kì í wọ yàrá àpọ́n lọ gbọ́ orin. Orin ló máa ń jáde." Ó wá yí sí Mínà, ó fi ohùn dídùn sọ ọ́ fún Mẹ́tírì pé ọkọ òun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá síta, afẹ́fẹ́ wà níbí.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe dé fàráńdà nìyẹn. Okùn iná gba ojú fèrèsé, àpótí ohùn méjèèjì kọjú sí àgbàlá, Mẹ́tírì wà lápá kan, èmi wà lápá kejì, ìyá àgbà àti igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ wà láàárín bí aṣọ́bodè. Kò sí ọjọ́ kan tí a gbọ́ orin láìsí i níbẹ̀.

Àwòrán ara páálí àkọ́kọ́ yẹn kò kúrò lójú mi: àkàbà kan tí wọ́n fi ti òṣùpá, ẹja ń gùn ún lọ ní títò. Mo bi Mẹ́tírì pé orin mélòó ló wà nínú rẹ̀.

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan kẹ̀? Pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó yìí?"

"Ọ̀kan lójú yìí. Òun nìkan ló gba odindi ojú àwo."

Ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà fèrè kan láti òkèèrè. Mo ń dúró de ìgbà tí orin máa bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Gìtá wọlé jẹ́ẹ́. Ìlù wọlé, ṣùgbọ́n ìlù tí ẹsẹ̀ mi ò rí mú. Mo ń fi ìka kà á lórí orúnkún mi ní mẹ́rin-mẹ́rin, bó ti rí nínú orin ìjọ, ó sì ń já mi sílẹ̀ nígbà gbogbo. Mẹ́tírì ń wò mí. Olùkọ́ ìṣirò ni, kò lè mú un mọ́ra.

"Kà á ní méje."

Mo kà á ní méje. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè rìn ní méje láìṣubú. Ibi tí mo ti ń yọ̀ pé mo ti rí ọ̀nà rẹ̀ ni gbogbo ohùn ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, dùùrù nìkan ló kù.

Kí ni mo lè sọ nípa dùùrù yẹn? Dùùrù Bàbá Adakpamé máa ń ti ẹ̀yìn orin bọ̀ ni, ó ń gbé e dúró bí ọ̀pá ṣe ń gbé àgọ́. Èyí ń dá rìn. Ọwọ́ òsì ń lọ ní tirẹ̀, ó ń sọ ohun kan náà léraléra, ọwọ́ ọ̀tún ń bá a jiyàn, ó ń gòkè, ó ń padà, ó tún ń gòkè láti ibòmíràn. Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde dúró.

Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Mẹ́tírì tẹ̀ síwájú. "Kí ló wí?"

"Ó ní ọba kan sọ òjìji rẹ̀ nù sínú odò."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó ní àwọn igi ń wò ó."

"Lẹ́yìn náà?"

"Kò sí lẹ́yìn náà, Mẹ́tírì. Fèrè ti dé."

Ó fẹ̀yìn tì. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ó ní, "mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni."

"Bóyá ìjìnlẹ̀ ni. Bó ṣe wí i ni mo ṣe sọ ọ́."

A kò kíyè sí i pé ìyá àgbà ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀gúsí wà láàárín ìka rẹ̀, kò bó o.

"Ìjọ wo ni àwọn yìí?" ó bi mí.

"Wọn kì í ṣe ìjọ, Màmá. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta gìtá ni."

"Mo gbọ́ dùùrù."

"Dùùrù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin Ọlọ́run."

"Ta ló sọ fún ọ? Orin tó ní dùùrù, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí kò mi ìdí ẹnikẹ́ni, tó sì gùn tó báyìí, ta ló ń kọ irú rẹ̀ tí kì í bá ṣe ìjọ? Orin ayé kì í gùn. Ó máa ń rẹ àwọn tó ń jó."

Mo sọ ọ́ fún Mẹ́tírì ní Faransé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ dígí ojú rẹ̀ nù. "Akpé, Màmá," ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rere sí i nínú ilé yìí." Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè yí ọkàn ìyá àgbà padà. Mo ń sọ fún un, ó ń gbọ́, kò gbà. Tí ìlù bá le, tí gìtá bá ń han, ó máa ń mi orí, ó ní ibi tí wọ́n ti ń bá èṣù jà nìyẹn. Tí dùùrù bá padà dé, ó ní ó ti tán, wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà tí mo wá rò ó dáadáa, mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti túmọ̀ orin wọ̀nyẹn dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A gbọ́ gbogbo àpótí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ní ilé aláwọ̀ ewé lára, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ojú. Èyí tó jẹ́ pé omidan kan ń sunkún lókè òkun fún odindi ojú méjèèjì, tí Mẹ́tírì sì ń sùn sí lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn di dùùrù, bí ẹni pé ẹgbẹ́ akọrin wọ inú àpótí lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ mi kò ṣòro láti sọ: kí n dúró. Ohun tí o gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí o rò pé ó ti lọ, á tún padà wá ní òpin pẹ̀lú aṣọ mìíràn lọ́rùn, o sì gbọ́dọ̀ ti fara balẹ̀ kí o tó lè dá a mọ̀. Ní ìgbà tí gbogbo ènìyàn ń béèrè pé ọjọ́ wo ni yóò parí, ẹ̀kọ́ yẹn wúlò fún mi. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo sì ń tẹ etí tábìlì. Mo mọ dùùrù inú àwo àkọ́kọ́ náà ní ọwọ́ òsì, mo mọ̀ ọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún. Igi tábìlì kì í dún ni.

Ọ̀sán kan, a gbọ́ ìbọn láti ọ̀nà etí òkun. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò lórí, àwọn kan kọjú sí ààlà Gánà, àwọn kan sí Cotonou. Mẹ́tírì gbé àpótí rẹ̀ wá fún ìyá àgbà.

"Ẹ bá mi tọ́jú wọn, Màmá. Ẹ má tò wọ́n lé ara wọn bí aṣọ. Ẹ nà wọ́n ró bí ìwé, ooru lè tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ náà ń bẹ nínú yàrá, kọ́kọ́rọ́ nìyí. Kí ọmọ yìí máa lò ó."

"Ṣé ẹ ó padà?"

"Àwọn àwo mi wà lọ́dọ̀ yín."

Ìyá àgbà nà wọ́n ró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé nínú yàrá tirẹ̀, ó fi ìró bò wọ́n. Kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé: Mẹ́tírì padà. Ó pẹ́ díẹ̀, ó rù, ṣùgbọ́n ó padà, kò sì sí ìkankan tó tẹ̀ nínú àwo rẹ̀. Ìyá àgbà kó wọn fún un, ó ṣẹ́ èyí tó ní àkàbà kù, ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ tán.

Kò pẹ́ tí Mẹ́tírì lọ ni Bàbá Adakpamé náà kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Cotonou, torí kò sí iṣẹ́ ní èbúté mọ́. Ó bo dùùrù kó tó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ wa ṣe ń kọrin láìní dùùrù. Alàgbà kan ló ń dá orin. Ó máa ń dá a sí òkè jù, bí ẹni tó fi garawa sórí òrùlé. Nígbà tí a bá fi dé ìlà kẹta, àwọn ìyá ti dákẹ́, àwọn bàbá ti dákẹ́, òun nìkan á wà lókè lọ́hùn-ún, kò sí bó ṣe máa sọ̀. Mo ń wo aṣọ funfun yẹn láti àga mi. Dùùrù wà. Mo mọ nǹkan tí mo lè fi ṣe. Kò sì sí ẹni tó lè ní kí n lọ síbẹ̀.

Àwọn ìyá ìjọ ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sátidé, àwa ọmọbìnrin a sì máa bá wọn lọ. Sátidé kan, ìyá àgbà dúró níwájú dùùrù.

"Wá nu eruku ibí."

"Màmá, aṣọ yẹn…"

"Eruku ò bẹ̀rù aṣọ." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi há abíyá. Àwọn ìyá tó kù dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Kí lẹ ń wò? Èmi ni mo bí ẹni tó bò ó. Tó bá bínú, ó mọ ilé mi. Jókòó, ìwọ. Tẹ orin ìjọ tí a ń gbọ́ ní fàráńdà fún mi."

Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi wá pátákó, mo tẹ̀ ẹ́, dùùrù mí bí ẹran ńlá tí wọ́n jí. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde kò dára. Ọwọ́ mi mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n eyín dùùrù le ju tábìlì lọ, tí ẹsẹ̀ bá sì gbàgbé, ọwọ́ á tẹ òfo. Àwọn ìyá padà sídìí ìgbálẹ̀ wọn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún jókòó. Ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ ń falẹ̀ lẹ́yìn mi, tó ń falẹ̀, títí ó fi dákẹ́.

Ìyá àgbà kò fọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ ló gbà lọ.

"Pásítọ̀, ọmọ mi mọ orin ìjọ kan tí ẹ̀yin ò mọ̀."

"Kì í ṣe orin ìjọ, Pásítọ̀," mo sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ti rẹ Pásítọ̀ lákòókò yẹn. Ìdajì ìjọ ti lọ. Ó wo ìyá àgbà, ó wò mí. "Ṣé ọ̀rọ̀ burúkú wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbi tí mo mọ̀. Dùùrù nìkan ni."

"Tí kò bá ní ọ̀rọ̀," ó ní, "kí ìjọ fi tiwọn sí i. Tẹ̀ ẹ́ ní àkókò ọrẹ. Kí o sì tẹ orin ìwé tí o bá mọ̀, jọ̀wọ́, kí alàgbà wa lè sọ̀ kalẹ̀."

Ní ìjọ wa, a máa ń jó gbé ọrẹ wá síwájú ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, wọ́n dìde láti jó, ẹsẹ̀ wọn kò bá a mu. Méje ni. Ìlà iwájú kọsẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rọ́ lù wọ́n, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi kò dúró, torí nínú àwo kò dúró rí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí i pé wọn ò jó mọ́, wọ́n ń rìn. Wọ́n ń rìn lọ́ra, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó gbé wá láti ilé rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ìjọ tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ìhà ààlà, tí a kò tíì gbúròó rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kì í dìde fún ọrẹ, torí kò lè jó. Ọjọ́ yẹn, ó dìde, ó bá wọn rìn.

Bó ṣe di orin ọrẹ wa nìyẹn, ní gbogbo àkókò tí ìlú fi le. Orin Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò tan ara mi: àga náà kì í ṣe tèmi. Ọjọ́ tí olúwa rẹ̀ bá dé, màá dìde, màá padà sídìí tábìlì ìdáná. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbàdúrà pé kí àlàáfíà dé, mo mọ ohun tí mo ń tọrọ.

Ìlú rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èbúté tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan, a ti wà láàárín ọrẹ nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí Bàbá Adakpamé lẹ́nu ilẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó dúró síbẹ̀ títí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ìsìn, ó wá síwájú. Ó wo aṣọ funfun tó wà lórí àga, kò mú un.

"Nọ́ńbà mélòó ni orin yẹn nínú ìwé orin?"

Àwọn alàgbà ń wo ara wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ṣí ìwé.

"Kò sí nínú ìwé orin, Bàbá Adakpamé," mo wí, mo sì kúnlẹ̀ kí i.

"Mo mọ̀. Mo ti ń tẹ ìwé yẹn kí bàbá rẹ tó mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o máa parọ́ ni. Ta ló kọ́ ọ ní ọwọ́ òsì yẹn?"

"Àwo ni."

"Àwo wo?"

"Wá jẹun sílé," ìyá àgbà ló dá a lóhùn, "kí o gbọ́ ọ. O ti rù."

Ó jẹ iyán, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́. Mo gbé ẹ̀rọ jáde sí fàráńdà. Mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́, omi, fèrè. Bàbá Adakpamé ka ọwọ́ lé àyà. Nígbà tí ìlù àti gìtá dé, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé èyí lẹ pè ní orin ìjọ?"

"Ibi tí wọ́n ti ń bá èṣù jà nìyẹn. Ṣe sùúrù, o kì í ní sùúrù láti kékeré."

Ó ṣe sùúrù. Nígbà tí ohùn yòókù dákẹ́, tí dùùrù dá kù, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti àyà rẹ̀ wá sórí orúnkún. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń wá nǹkan kan lórí aṣọ ṣòkòtò rẹ̀. Ó rí i, ó sọ ọ́ nù, ó tún rí i. Kò gbójú sókè títí abẹ́rẹ́ fi dé àárín àwo, tó ń fọ́ hààhàà. Mo rò pé ó máa sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Mo ti ń múra láti sọ pé ẹ ṣé é, ẹ gba àga yín.

"Ojú kejì ńkọ́?" ó wí.

Mo yí i padà. Orin ojú kejì ti lọ dé ìdajì kó tó tún lanu, ó sì bá mi sọ ọ́ láìwò mí.

"Orin ìwé, tèmi ni. Ọrẹ, tìrẹ ni. Mi ò lè tẹ nǹkan tí ń rìn ní méje, màá pa ìjọ lára. Ṣùgbọ́n kí ìyá rẹ rán síkẹ́ẹ̀tì tó dé kókósẹ̀ fún ọ."

"Mo gbọ́, Bàbá Adakpamé. Ẹ ṣé, sà."

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ń yára jù. Wá lọ́jọ́ Sátidé."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, òun ló ká aṣọ, ìjọ dìde bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di àkókò ọrẹ, ó sún kúrò lórí àga, ó sì kọjá sẹ́yìn láti tò sí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ń rìn wá síwájú, àwọn ìyá, àwọn alàgbà, àwọn ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rìn ín, ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Bàbá Adakpamé nìkan ni kò mọ̀ ọ́n nínú gbogbo ìjọ. Ó gbé ọ̀tún nígbà tó yẹ kó gbé òsì, ó dúró, ó kà á sínú, ó tún ṣì í. Ìyá àgbà tó wà níwájú rẹ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó dì í mú lápá, wọ́n sì jọ ń bọ̀.